Wáìnì Pupa, Ẹran Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti Bàbá Mi

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ mùsùlùmí tí mo wà nínú rẹ̀ ní Peckham, ní London, ṣètò ọjọ́ kan tí àwọn àgbà á fi sọ ìtàn iṣẹ́ wọn fún àwọn ọmọ tó ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe láyé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan sọ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sọ tirẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní, "Ilé oúnjẹ ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ẹ ṣeun." Mo sì jókòó padà.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń tàsé díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Uncle, ẹ má bínú o, but kí ni ẹ ṣe gan-an? Like, ṣé chef ni yín?" Mo ní rárá. "Ṣé waiter?" Mo ní ó jọ ọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ọmọ yẹn ò ti jẹ́ kí n gbádùn. Mo ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Bí mi ò bá dáhùn báyìí, ìgbà wo ni mo fẹ́ dáhùn?

Ó dáa, ìdáhùn nìyí. Ọtí ni mo tà. Èmi ni ẹni tó máa ń wá sí ìdí tábìlì lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ oúnjẹ tí ẹ fẹ́ jẹ, tí á sọ fún yín irú wáìnì tó bá a mu. Èyí tí wọ́n fi mọ̀ mí jù ni wáìnì pupa tó nípọn, èyí tó wúwo lẹ́nu, tó dúdú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka sí ẹ̀yìn ife, ẹ ò ní rí i. Èmi Mufutau ọmọ alápatà, tí mò ń kírun mi lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ dá mi lẹ́jọ́. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Alápatà ni bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rá wà lára màlúù. Bàbá mi á gé ẹran, wọ́n á gbé e sí abẹ́ imú mi, wọ́n á ní kí n sọ bóyá àárọ̀ yìí ni wọ́n pa á tàbí àná. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á gbá mi létí. Imú tiwọn kì í ṣì. Obìnrin kan gbé ẹran padà wá bá wọn lọ́jọ́ kan, ó ń pariwo pé ẹran wọn ti ń rùn. Bàbá mi fi imú kan án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní, "Èyí kọ́. Ọ̀dọ̀ Lámídì lo ti ra eléyìí." Obìnrin náà di ẹran rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ Lámídì ló ti rà á lóòótọ́.

Bí mo ṣe dé London àti bí mo ṣe rí iṣẹ́, ìtàn kan náà ni gbogbo wa ní, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Owó oṣù náà, ẹ jẹ́ kí n fò ó pẹ̀lú, kò tó ohun tí à ń sọ. Ilé oúnjẹ ńlá kan nítòsí odò tó la London já ló gbà mí pé kí n máa fọ ife. Ẹni tó ń ṣàkóso wáìnì níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Duarte, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ilẹ̀ Potogí, tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Ọ̀gá mi nìyẹn. Kò sí ẹni tó le tó o láyé mi àfi bàbá mi.

Odidi ọdún kan ni mo fi fọ ife tí mo sì fi aṣọ nù ún. Duarte á gbé ọ̀kan sókè síwájú iná. Bó bá rí àmì ìka kan péré, á kan da gbogbo ogójì ife padà sínú omi. Mo máa ń fi Yorùbá bú u lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí léèrè ohun tí mò ń sọ, mo ní mò ń ṣàdúrà fún un ni. Ó ní kí n máa bá a lọ, òun nílò rẹ̀.

Lọ́dún kejì ó ṣàkíyèsí pé mo ń mọ ẹran tó ti fẹ́ bàjẹ́ kí àwọn alásè tó mọ̀. Ó pè mí wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó ìgò sí. Ó bu wáìnì pupa díẹ̀ sínú ife, ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo sọ fún un pé mùsùlùmí ni mí, mi ò lè mu ọtí. Ó wò mí bí ẹni tí mo fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

"Ta ló ní kí o mu ún? Ẹni tó ń mu ún kò lè tà á. Mo ti lé mẹ́ta kúrò níbí tó ń mu ún." Ó fi ẹsẹ̀ ti kórobá kan sí iwájú mi. "Fi ẹnu gbé e, jẹ́ kó kan ahọ́n rẹ, kí o tutọ́ rẹ̀ síbí. Bí ìkán kan bá gba ọ̀fun rẹ lọ, ẹjọ́ ìwọ àti Ọlọ́run rẹ ni."

Mo ronú lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò bi àfáà kankan, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, kí ẹ̀yin ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀: ìbéèrè tí èèyàn bá ń sá fún, ó ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo padà wá bá Duarte, mo gbé ife náà sẹ́nu, mo tutọ́ rẹ̀ sínú kórobá. Láti ọjọ́ yẹn títí dọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, kò sí ìkán kan tó kọjá ọ̀fun mi. Ẹ lè gbà á gbọ́, ẹ sì lè má gbà á gbọ́. Kí n tó kírun, ìgbà méje ni mò ń fi omi yọ ẹnu. Bí àwẹ̀ bá dé, imú nìkan ni mo fi ń ṣiṣẹ́, Duarte ò sì bá mi jà lórí ìyẹn rí.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ó máa ń rán mi pé kí n mú ohun mẹ́wàá tó lóòórùn wá láti Rye Lane, òpópónà ọjà wa ní Peckham. Màá kó irú, ẹja gbígbẹ, awọ bàtà, ewé tíì, àgbálùmọ̀ bí ó bá wà lásìkò. Á fi aṣọ dì mí lójú, á máa gbé wọn sábẹ́ imú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún gbé ife wáìnì sáàárín wọn, kí n sọ èyí tó jọ èyí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ẹnu kan wáìnì tó nípọn gan-an, ẹnu mi fà pọ̀, ahọ́n mi gbẹ. Mo ní, "Obì ni." Kò mọ obì. Mo mú méjì wá lọ́jọ́ kejì. Ó jẹ obì náà, ojú rẹ̀ rún. Mo gé ọ̀rá ẹran ìgbáàyà tí wọ́n yan fún un, mo ní kó jẹ ẹ́ lé e. Ẹnu rẹ̀ tú. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Wáìnì pupa tó nípọn ń fa ẹnu pọ̀, ọ̀rá ẹran ló ń tú u. Ẹran tó fẹ́lẹ́ kò lè gbé e, á rì mọ́ ọn lábẹ́. Ẹja kò bá a rẹ́, ẹnu á máa ta bí ẹni lá irin. Ata wa yìí náà kò bá a rẹ́, á sọ ọ́ di iná. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó rí já jẹ tó ń wá jẹun níbẹ̀ á ní kí n gbé ìgò tó wọ́n jù wá, wọ́n á sì bu ata gígún tí wọ́n gbé nínú báàgì wá lé ẹran lórí. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì." Ìka tó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, wáìnì á sì dáhùn. Èyí tí Duarte fi ogún ọdún kọ́ nínú ẹran, bàbá mi ti kọ́ mi nílé.

Sidikat ìyàwó mi mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìhà Lewisham, ṣíìfù tirẹ̀ le ju tèmi lọ. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ọ̀rọ̀ ìwọ àti Ọlọ́run ni," ó sì ya àpò ọ̀rá kan sọ́tọ̀ fún ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi. Kò fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ àwọn ọmọ rí. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé e lọ fọ̀ ní ilé ìfọṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Òfin kejì tí ó ṣe ni pé ohunkóhun láti ilé ìdáná ibẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé wa. Mo gbà.

Bàbá mi ńkọ́? Mo sọ fún wọn pé mo jẹ́ máníjà nílé oúnjẹ. Bí wọ́n bá bi mí lórí fóònù pé, "Kí ni o ń bójú tó?" màá ní, "Gbogbo ẹ̀ náà ni, Bàbá." Wọ́n á ṣàdúrà fún iṣẹ́ ọwọ́ mi. Màá ṣe àmín.

Nígbà tí Duarte fẹ̀yìn tì, tó padà sí ìlú rẹ̀, mo kúrò nítòsí odò, mo lọ sí ilé oúnjẹ kékeré kan ní East Dulwich. Èmi ni mo yan gbogbo wáìnì tó wà níbẹ̀. Olórí alásè wọn ni Colin, ọmọ òyìnbó tó sanra, tó lójú àánú. Kò mọ wáìnì. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo sọ fún un pé ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ màlúù, èyí tó fi ń jẹ koríko láti àárọ̀ dalẹ́, iṣan pọ̀ nínú rẹ̀, àfi kó fi odidi ìgò wáìnì pupa tó nípọn sè é fún wákàtí mẹ́rin lórí iná jẹ́jẹ́. Mo yan ìgò tó máa lò fún un. Àwọn èèyàn ń ti àdúgbò mìíràn, títí dé Brixton, wá jẹ ẹ́.

Ọdún yẹn ni bàbá mi wá kí wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwẹ̀ bọ́ sí ìgbà òtútù, tí ó fi jẹ́ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ti ń ṣínu. Oúnjẹ London kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹran wa nìkan ni wọ́n ń ráhùn lé lórí. Wọ́n ní omi ló kún inú rẹ̀. Sidikat ń sè, wọ́n ń jẹ ẹ́ kù. Inú mi ń bàjẹ́. Mo fẹ́ kí bàbá mi jẹ ẹran tó dáa lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó padà sílé.

Mo ra ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ mùsùlùmí alápatà ní Rye Lane, èyí tí wọ́n fi bísímílà pa, mo rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fúnra mi. Mo gbé e fún Colin. Mo ní, "Bàbá mi ni o ń sè é fún. Fọ ìkòkò dáadáa. Kí ẹlẹ́dẹ̀ má sún mọ́ ọn, kí òróró ẹlẹ́dẹ̀ má kàn án." Colin ní kí n má ṣèyọnu, bàbá òun náà ni bàbá mi. Kátà mú mi lọ́sẹ̀ yẹn, imú mi dí pátápátá, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ó gbé abọ́ fún mi lọ́jọ́ kejì, mo tún bi í: "Ẹlẹ́dẹ̀ ò kàn án?" Ó ní kò kàn án. Mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti rí i. Èmi tí mò ń ta wáìnì láti ogún ọdún, ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni mo rántí béèrè. Wáìnì ti di ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́, ó ti kúrò lára ohun tí mò ń bẹ̀rù.

Sidikat bi mí ibi tí abọ́ náà ti wá. Mo ní mo ra ẹran rẹ̀ ní Rye Lane, èyí tó jẹ́ òtítọ́. Bàbá mi fi dábínù ṣínu, wọ́n kírun, wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Wọ́n gbé ẹran kan sẹ́nu, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Àádọ́ta ọdún ni mo fi pa màlúù, Mufu. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè rí báyìí." Wọ́n fi ọwọ́ kan orí mi níbi tí mo jókòó sí, èmi tí mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ tó sè é. Inú mi dùn débi pé mo lọ sunkún ní balùwẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ Àìkú, imú mi là. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, mo ṣí ìkòkò tí mo fẹ́ fi gbé ìyókù rẹ̀ kaná. Òórùn náà bá mi lójijì. Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé mo mọ̀ pé wáìnì ni nìkan, mo mọ ìgò náà gan-an, mo mọ orúkọ tó wà lára rẹ̀, èmi ni mo yàn án. Mo gbé ìkòkò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú àpò ìdọ̀tí.

Bàbá mi jáde láti pálọ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. "Kí ló dé tí o ń da ẹran nù?"

"Ó ti bàjẹ́, Bàbá."

Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi imú kan án. "Ẹran yìí kò bàjẹ́. Ta ni o ń purọ́ fún?"

Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo ní, "Bàbá, ọtí wà nínú rẹ̀. Ẹni tó sè é kò mọ̀ pé a kì í jẹ ẹ́. Èmi náà ò mọ̀, kátà dí mi nímú."

Wọ́n ní, "Ohun tí èèyàn ò mọ̀, Ọlọ́run á foríjì í." Mo ti fẹ́ mí èémí nígbà tí wọ́n tún wò mí. "Ṣùgbọ́n báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ ọ́n báyìí?"

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀."

"Ta ló kọ́ ọ ní òórùn ọtí?"

Mo kúnlẹ̀ lórí táìlì ilé ìdáná, mo sọ gbogbo rẹ̀. Duarte, kórobá, ife, omi ẹ̀ẹ̀meje. Bàbá mi ò jókòó, wọn ò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n bi mí bóyá ó ti gba ọ̀fun mi rí. Mo ní rárá, mo máa ń tutọ́ rẹ̀ dànù ni.

"Ta ló ń wò ọ́?"

"Ọlọ́run ń wò mí, Bàbá."

"Má fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí o ń fi pamọ́ fún bàbá rẹ," ni wọ́n sọ. Wọ́n bọ́ sí balùwẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń yọ ẹnu, omi ń dà, omi ń dà.

Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi lọ, wọn ò jẹ ohunkóhun láti ọwọ́ mi. Wọ́n ń ra búrẹ́dì fúnra wọn, wọ́n ń fi tíì jẹ ẹ́. Wọn ò pariwo, wọn ò fọ̀rọ̀ gún mi lára. Bí mo bá gbé omi sílẹ̀, wọ́n á ní "Ó ṣeun," wọ́n á sì lọ bu òmíràn. Ní pápákọ̀ òfuurufú wọ́n ṣàdúrà fún Sidikat, wọ́n ṣàdúrà fún àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan tí a sì ṣe àmín. Nígbà tó kàn mí, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, ètè wọn mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ.

Mo bá Colin jà. Ó dúró síwájú ààrò, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Mufu, ìwọ lo kọ́ mi pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti sè é. Èyí tó dáa jù tí mo mọ̀ ni mo fún bàbá ẹ." Èmi ni mo kọ́ ọ lóòótọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Màá ní nítorí àwọn ọmọ, nítorí ilé kánsù, ilé ìjọba tí à ń san owó rẹ̀. Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn kí n rí ojú àlejò tó ti jẹ ẹran kan, tó gbé ife sẹ́nu, tí gbogbo nǹkan sì bá ara wọn mu. Ohun tí mi ò lè sọ fún bàbá mi nìyẹn, ó sì wúwo fún mi ju ọtí náà lọ. Bí mo bá pè wọ́n lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n á bi mí bí àgbò wa ṣe tóbi tó. Wọn ò bi mí léèrè iṣẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń yí padà lábẹ́ mi. Kọ́ọ̀kì ẹnu ìgò tí mo fi ọdún méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ láìdún, wọ́n sọ ọ́ di ìdérí tí ọmọdé lè ṣí. Ẹ̀rọ kan dé tó ń jẹ́ kí wáìnì tí wọ́n ti ṣí wà fún bíi ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìkan. Nígbà tó yá, àwọn àlejò á na fóònù sí ìgò, fóònù á sì sọ fún wọn irú ẹran tó bá a mu. Ọmọkùnrin kan ka ti fóònù rẹ̀ sí mi létí, ó ní mo ṣì í. Mo ní ó dáa sà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé oúnjẹ náà pa, mo kó ṣẹ́ẹ̀tì mi sínú àpò ọ̀rá náà, mo gbé e wálé. Sidikat wò ó, ó kó o jáde nínú àpò, ó fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Wasiu àbúrò mi pè láti Abẹ́òkúta. Bàbá ti lé ní àádọ́rùn-ún, wọ́n ti dùbúlẹ̀. Wọn ò jẹun. Wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó ti kú. Wasiu ní, "Brother mi, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ní ká wá ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí Mufu gbé fún àwọn ní London. Kí lẹ fi sè é? Ẹ sọ fún wa ká sè é."

Wasiu ò mọ̀. Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ogún ọdún, wọ́n bò mí láṣìírí.

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Mo lọ sí Rye Lane, mo ra ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ra ìsápá pupa gbígbẹ, mo ra dábínù, mo ra tíì dúdú tó le jù. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé ni mo kó lé iná yẹn. Ìsápá fún kíkan àti àwọ̀ rẹ̀, dábínù fún adùn abẹ́ rẹ̀, tíì dúdú kó lè fa ẹnu pọ̀. Mo sè é lẹ́ẹ̀mẹta. Sidikat tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó dùn. Kí lo tún ń wá?" Mo mọ ohun tí mò ń wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù fún Wasiu ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, iye tíì, bí iná ṣe máa rí, wákàtí mẹ́rin.

Wọ́n sè é. Wasiu gbé fóònù lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí n lè máa wò wọ́n. Wọ́n gbé bàbá mi jókòó, wọ́n fi ṣíbí gbé ẹran sí wọn lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹun gbẹ̀yìn. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú wọn dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ojú sí ògiri.

Wọ́n ní, "Èyí kọ́."

Wasiu gbé fóònù, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Brother mi, kí ló kù tí ẹ ò sọ fún wa? Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tó bá jẹ́, a máa wá a."

Mo ní kò sí nǹkan kan tó kù. Wọn ò jẹ nǹkan mìíràn mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kú, Wasiu sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà kí n tó rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi tó nawọ́ sókè, ìdáhùn rẹ nìyí. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí n lè máa sọ ohun tó bá ẹran mu fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Bàbá mi béèrè. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì sọ ọ́.